A Dúpẹ́ Kì Í Ṣe Nọ́ńbà

?

…gbì-tì. Gbì-tì. Gbì-tì. Lẹ́yìn mi ni, nítòsí, ní ojú ọ̀nà oníyanrìn tó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wa gòkè lọ síbi tí tánkì omi gogoro wà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Mo wà níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tèmi ń ṣe tì-tì-tì bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Tiwọn wúwo lápá kan, ó fúyẹ́ lápá kejì.

Bí wọ́n bá dì mí lójú láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sáré, màá mọ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo máa ń rò pé èmi ni mò ń borí. Ará-Iwájú ni wọ́n ń pè mí. Ìgbà tí mo di bàbá ọmọ ni mo tó mọ̀ pé àgbà ló máa ń sáré lẹ́yìn, kí ojú rẹ̀ lè tó ọmọdé.

Tí a bá dé abẹ́ tánkì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Dúró, kí n so okùn bàtà mi." Wọ́n á pẹ́ níbẹ̀. Èmi á máa jó lójú kan.

"Àgbà ò lè sáré!"

"Ọmọ àná, ẹnu ẹ nìkan ló ń sáré."


6

Kí n tó lọ jìnnà: nọ́ńbà tí mo fi sórí ìpín kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ètò. Ìrora ni. Òdo ni pé kò sí rárá. Mẹ́wàá ni pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kí n sinmi. Bí orúnkún mi ṣe ń dùn mí tó lásìkò tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ni mo kọ síbẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí àmì ìbéèrè, ìrora ibẹ̀ kì í ṣe tèmi.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní ìlú tí mo ti wà látìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Lẹ́tà òjé ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òdì. Ẹ má bínú bí mo bá ń tò ó bí ẹni tó da àpótí lẹ́tà nù, tó ń ṣà á nílẹ̀.


6

OHÙN TÍ Ẹ̀GBỌ́N MI FI RÁNṢẸ́ LÓRÍ FÓÒNÙ
(mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn)

"Ará-Iwájú! Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó dáa. Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí. Ọdọọdún lo ń sọ pé ò ń bọ̀, ò ń bọ̀. Ṣé ẹsẹ̀ lo fi ń rìn bọ̀ ni? (Ẹ̀rín.) Bí o bá dé lẹ́yìn òjò yìí, a ó sá eré wa dé ìdí tánkì. Ó ṣì wà níbẹ̀. Omi ò sí nínú ẹ̀ mọ́, àmọ́ ó ṣì dúró. Èmi náà ṣì dúró. Mo ti ra bàtà. Mo ti ń sá díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, kí o má baà rí mi fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àbí o ti yọ ikùn níbẹ̀ yẹn? (Ẹ̀rín. Ikọ́.) Ara mi? A dúpẹ́. A dúpẹ́ gidi. Tìẹ ńkọ́?"

Èsì tí mo fi ránṣẹ́:

"A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń múra."


6

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa, bí alákàn.


6

ÌKÉDE
lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú àwọn asáré

   ẸNI TÓ BÁ NÍ BÀTÀ ERÉ, KÓ MÚ UN WÁ. A FẸ́ WO ÌSÀLẸ̀ RẸ̀.
   Ẹ WỌ ṢÒKÒTÒ PÉNPÉ. OJÚ KÌ Í TÌ WÁ NÍBÍ.
   BÍ Ẹ BÁ TI Ń SỌ FÚN ARA YÍN LÁTI ỌJỌ́ PÍPẸ́ PÉ "YÓÒ LỌ FÚNRA RẸ̀," Ẹ KÚ ÀBỌ̀.


6

OHUN TÍ A JỌ SỌ

(Obìnrin tó tọ́jú mi níbẹ̀ kéré sí àkọ́bí mi. Nítorí pé "ẹ rọra" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, Ẹ-Rọra ni mo ń pè é. Ó mọ̀. Ó máa ń dáhùn.)

Ẹ-RỌRA: Ẹ káàsán, Bàbá. Ibo ló ń dùn yín?

ÈMI: Orúnkún ọ̀tún. Iwájú ẹ̀. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀, bí mo bá jókòó pẹ́, bí mo bá sáré.

Ẹ-RỌRA: Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òkè sókè. Ẹ má jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ o.

(Ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ìka méjì ló lò.)

ÈMI: Ọmọ mi, orúnkún ni mo wí. Ìgbáròkó lò ń tẹ̀ yìí. Àbí ilé ẹlòmíràn lo yà sí?

Ẹ-RỌRA: Bàbá, nínú ilé, ṣé ẹni tó ń ké náà ló máa ń jẹ̀bi?

ÈMI: Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ-RỌRA: Orúnkún ló ń ké. Ìgbáròkó ló ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí yín ò lágbára tó eré tí ẹ ń sá, orúnkún ló wá ń bá a ru ẹrù. Kí lẹ yí padà kó tó bẹ̀rẹ̀?

ÈMI: Mo fẹ̀yìn tì. Àyè wá ṣí sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárọ̀, mo tún ń sá a nírọ̀lẹ́.

Ẹ-RỌRA: Iṣan yín ò tíì gbọ́ pé ẹ ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tuntun lẹ gbé fún un.

ÈMI: Kì í ṣe pé orúnkún náà ti gbó?

Ẹ-RỌRA: Ta ló ní ó gbó?

ÈMI: Gbogbo ayé.

Ẹ-RỌRA: Gbogbo ayé ò tíì fọwọ́ kàn án. Èmi ti fọwọ́ kàn án. Ẹ lò ó jù fún agbára tó wà lára yín lọ́wọ́lọ́wọ́ ni. Iṣan àgbà náà máa ń dàgbà, bí a bá ń fún un níṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mi ò rí ohun tó ní kí ẹ má sáré mọ́.

ÈMI: Tún un sọ.

Ẹ-RỌRA: Mi ò rí ohun tó ní kí ẹ má sáré mọ́, Bàbá. Ẹ rọra ni.

(Mo wo àjà fún ìgbà díẹ̀. Àjà náà dára. Wọ́n kùn ún dáadáa.)

Ẹ-RỌRA: Láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín?

ÈMI: A dúpẹ́.

Ẹ-RỌRA: A dúpẹ́ kì í ṣe nọ́ńbà.

ÈMI: Ó dáa. Kọ méjì.


2 (irọ́)
6

ÌWÉ ÌDÁRAYÁ TÍ WỌ́N KÓ LÉ MI LỌ́WỌ́
(ohun tó wà nínú àkámọ́, ìyàwó mi ló fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí i)

Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé ìdí sókè bí afárá. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra sọ̀ ọ́.
   (Wọ́n gbé e. Afárá wó.)

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ fi rọ́bà tó ń fà so itan méjèèjì pọ̀. Ẹ ṣí orúnkún bí ẹni ń ṣí ìwé.
   (Ojú ìwé kan ni wọ́n ṣí. Wọ́n ti sùn.)

Ẹ dìde lórí àga, ẹ padà jókòó, ẹ má fọwọ́ ti nǹkan kan.
   (Ẹ wo ẹni tó ń dìde! Bí mo bá ní kí wọ́n bá mi gbé ìkòkò, ṣé wọ́n máa ń dìde báyìí?)

Ẹ dúró lórí ìpele kan lára àtẹ̀gùn, ẹ fi ẹsẹ̀ kan rọra kan ilẹ̀, ẹ padà sókè. Ẹ wo dígí, kí orúnkún má baà fì sínú.
   (Dígí kì í purọ́. Ènìyàn ni.)

Bí ìrora bá kọjá mẹ́ta nígbà tí ẹ ń ṣe é, ẹ dín in kù. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò tíì lọ sílẹ̀, ẹ sọ fún wa.
   (Ẹ sọ fún wọn o. Ẹ gbọ́? Mo ní kí ẹ sọ fún wọn.)


2 (irọ́)
7

Ọkùnrin náà (èmi ni, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jókòó tì í nínú ìpín yìí) ń lọ sí ilé ìtọ́jú bí ọmọ tó fẹ́ràn ilé ìwé. Wọ́n bi í ní nọ́ńbà. Ó ní méjì. Nítorí pé ó ní méjì, wọ́n mú rọ́bà tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní méjì. Wọ́n gbé irin tó wúwo lé e lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní méjì.

Inú Ẹ-Rọra dùn. "Bàbá, ara yín gba iṣẹ́ o!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Òógùn ń kán sí i lójú. Ó ní ooru ni.

Lórí ẹní tó tẹ̀lé tiẹ̀, tísà kan wà, obìnrin asáré ọ̀nà jíjìn tí ìgbáròkó ń dà láàmú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, ojú rẹ̀ wà lára ọkùnrin náà.

TÍSÀ: Bàbá, ojú yín ń sọ mẹ́jọ.

ỌKÙNRIN NÁÀ: Ojú mi ti dàgbà ni. Bó ṣe máa ń hunjọ nìyẹn.

TÍSÀ: Àwọn ọmọ kíláàsì mi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Mo ti ṣe é, Mà. Ó wà nílé."

ỌKÙNRIN NÁÀ: Gbé ẹsẹ̀ ẹ, jọ̀ọ́.

TÍSÀ: Ó wà lókè. Tiyín ló wà nílẹ̀.


8

Mi ò lè dìde lórí àga.


8

ÌYÀWÓ MI ÀTI Ẹ-RỌRA, LÓRÍ FÓÒNÙ

ÌYÀWÓ MI: Ọmọ mi, ẹ káàárọ̀ o. Ọkọ mi ti lẹ̀ mọ́ àga.

Ẹ-RỌRA: Ẹ káàárọ̀, Mà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Mélòó ni ìrora wọn?

ÌYÀWÓ MI: Wọ́n ní kí n sọ pé méjì.

(Ohùn ọkùnrin láti ọ̀nà jíjìn: "Sọ pé a dúpẹ́!")

ÌYÀWÓ MI: Mẹ́jọ ni. Kò sì dín ní mẹ́fà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wá sọ́dọ̀ yín. Bí wọ́n bá yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mò ń gbọ́ ọ.

Ẹ-RỌRA: Mẹ́fà.

ÌYÀWÓ MI: Mẹ́fà, ọmọ mi.

Ẹ-RỌRA: Iṣẹ́ ẹni tí ìrora rẹ̀ jẹ́ méjì ni mo ti ń gbé fún ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ fún wọn ní fóònù.

ÈMI: Hẹ́lò.

Ẹ-RỌRA: Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?

ÈMI: Rárá o.

Ẹ-RỌRA: Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi?

(Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn.)

ÈMI: Mo rò pé ò ń kí mi ni.


5

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ara, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Bàbá wa wà lórí àìsàn tó gbé wọn lọ. Àlejò wọlé: "Bàbá, báwo lara?" "A dúpẹ́." Àlejò jókòó, ó sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Bàbá wa kọjú sí ògiri.

Kì í ṣe irọ́. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó bá ń kà á. Ọpẹ́ ni: pé ẹni tó béèrè wà láàyè, pé ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì lẹ́nu láti dáhùn. Ìrora jẹ́ ohun tí a ń gbé gba ẹ̀yìnkùlé, kí àlejò má baà kọ lù ú ní pálọ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àwọn kan wà tí ẹ̀yìnkùlé gan-an ni iṣẹ́ wọn wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.


4

ÈMI ÌYÀWÓ NI MÒ Ń KỌ ÈYÍ

Wọ́n lọ wẹ̀. Wọ́n fi bébà wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, bí ẹni pé mi ò mọ̀wé.

Ẹni tó bá ń kà á yóò rò pé èmi ni mo tú àṣírí ọkọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Màá tún un tú.

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn yẹn kò bínú. Ó dá gbogbo iṣẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó gba irin, ó gba rọ́bà líle, ó ní kí wọ́n máa gbé ìdí sókè bí afárá, kí wọ́n máa dìde lórí àga gíga, kí wọ́n máa rìn. Ó ní kí wọ́n má sáré fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n má sì jókòó kalẹ̀ bí ẹrù. Ọkọ mi ní, "Ìyẹn nìkan?" Ó ní, "Ìyẹn nìkan, pẹ̀lú òótọ́."

Ọgbọ́n tí mo dá rèé. Mo máa ń bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. "Ara ńkọ́?" Wọ́n á ní a dúpẹ́. Màá ṣe àmín. Lẹ́yìn náà: "Nọ́ńbà ńkọ́?" Wọ́n á wo orúnkún bí ẹni ń wo aago, wọ́n á sọ ọ́. Èkínní, wọ́n dáhùn bí ọmọ tí a tọ́. Èkejì, wọ́n dáhùn bí ẹni tó fẹ́ sàn.

Lánàá wọ́n ní mẹ́rin. Mo fẹ́ràn mẹ́rin yẹn ju gbogbo méjì irọ́ tí wọ́n ti sọ lọ.

Wọ́n ti ń jáde bọ̀. Wọ́n ń kọrin.


3

Mẹ́ta kì í ṣe ọ̀tá.

Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe tù mí lára tó. Láti kékeré, nǹkan méjì ni mo mọ̀ pé èèyàn lè fi ìrora ṣe: kó fi í pa mọ́ kó máa lọ, tàbí kó jẹ́wọ́ rẹ̀ kó jókòó. Ẹ-Rọra fi ẹ̀kẹta hàn mí: mo lè jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n sì máa lọ. Bí kò bá kọjá mẹ́ta, bí ilẹ̀ bá mọ́ tó ti padà sílé rẹ̀, kó bá mi rìn. Aládùúgbò ni.

Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mo ń fọ eyín. Ìyàwó mi ní àkùkọ ti dé balùwẹ̀.


?

ÈMI ÀTI ỌMỌ Ẹ̀GBỌ́N MI, NÍNÚ ÀTẸ̀JÍṢẸ́ FÓÒNÙ

ỌMỌ Ẹ̀GBỌ́N MI: Ẹ káàárọ̀, Bàbá Kékeré. Dadi ní kí n bi yín, ṣé ẹ ti mọ ọjọ́ tí ẹ ń dé

ÈMI: Lẹ́yìn òjò ni. Ara wọn ńkọ́?

ỌMỌ Ẹ̀GBỌ́N MI: Wọ́n ní a dúpẹ́

ỌMỌ Ẹ̀GBỌ́N MI: Wọ́n ń sáré lójoojúmọ́ nítorí yín o. Wọn ò gbà kí àwọn sinmi. Wọ́n ní ẹ̀yin á ti máa fò bí àgbọ̀nrín níbẹ̀

ỌMỌ Ẹ̀GBỌ́N MI: Nǹkan kan ṣá

ỌMỌ Ẹ̀GBỌ́N MI: Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn báyìí. Mo ní Dadi kí lèyí. Wọ́n ní àwọn ń wo ògiri bóyá ó fẹ́ ọ̀dà

ỌMỌ Ẹ̀GBỌ́N MI: Ẹ má sọ fún wọn pé mo sọ o, ẹ jọ̀ọ́


3

Ẹ̀rọ kan wà ní ilé ìtọ́jú, èèyàn á sáré lórí ẹ̀ títí, kò níí kúrò lójú kan. Ọjọ́ tí Ẹ-Rọra gbé mi gùn ún, ó fi fóònù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, kó lè gba ìró ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ó ní kí n má wo ẹsẹ̀ mi. Mo sáré díẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. Ó gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́.

…gbì-tì. Gbì-tì. Gbì-tì.

ÈMI: Ta nìyẹn?

Ẹ-RỌRA: Ẹ̀yin ni.

ÈMI: Rárá. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Ẹ-RỌRA: Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ wà lórí ẹ̀rọ.

ÈMI: Kí ló ń mú ẹsẹ̀ dún báyẹn?

Ẹ-RỌRA: Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yẹra fún iṣẹ́. Ti òsì ń já lulẹ̀ dípò ẹ̀. Ara yín ń dáàbò bo ibi tó ti dùn. Kò burú, a máa tún un ṣe. Ẹ máa gbé ìgbésẹ̀ kúkúrú, kó yá díẹ̀, kó fúyẹ́…

ÈMI: Bí èèyàn bá ti ń sáré bẹ́ẹ̀ láti kékeré ńkọ́?

Ẹ-RỌRA: Mi ò rí onítọ̀hún, mi ò lè búra. Àmọ́ ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti ń dùn ún.

TÍSÀ (láti orí ẹní rẹ̀): Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ jókòó ná. Ṣé kò sí nǹkan?

ÈMI: Ó wà.


?

…gbì-tì. Gbì-tì. Lẹ́yìn mi, ní ojú ọ̀nà oníyanrìn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Mo wà níwájú, mi ò bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó wà níwájú kì í bojú wẹ̀yìn.

Lábẹ́ tánkì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Dúró, kí n so okùn bàtà mi."

Ọwọ́ wọn kan wà lórí orúnkún. Ìkejì wà ní ìgbáròkó.

Bàtà rọ́bà ni wọ́n wọ̀.

Bàtà rọ́bà kò lókùn.


2

Mo bi Ẹ-Rọra bóyá ẹni tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ṣì lè bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Kí wọ́n wá ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wọn, kó fọwọ́ kàn wọ́n. Mi ò lè ti ibí fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹnì kan sì nìyí tó pẹ́ kó tó sọ òótọ́ fún mi, mo ti ń bá a ṣiṣẹ́."

"Ta ni?"

"Ẹ máa gbé ìdí sókè, Bàbá."


2

Mo sáré.

Òpó iná wà lójú pópó wa, láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Láti òpó kan dé èkejì, mo sáré. Láti ìyẹn dé èyí tó tẹ̀lé e, mo rìn. Ìgbésẹ̀ kúkúrú. Mo ń tẹ́tí sí ilẹ̀.

Tì-tì-tì-tì.

Bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.

Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó kígbe kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Nọ́ńbà ńkọ́?" Mo na ìka méjì sókè. Ọkùnrin tó ń kó búrẹ́dì sínú ọkọ̀ rò pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbé búrẹ́dì méjì fún mi.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ní láti di òpó iná mú. Nígbà tí mo délé, mo gun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà mo tún sọ̀kalẹ̀, láìsí ìdí kankan. Mo kọjú síwájú, bí èèyàn. Mo tún gùn ún. Mo tún sọ̀kalẹ̀.


2

ÀWỌN TÍ MO KỌ TÍ MI Ò FI RÁNṢẸ́

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé ẹ ń wo ògiri bóyá ó fẹ́ ọ̀dà."
   Ọmọ wọn bẹ̀ mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá eré yẹn dúró."
   Ta ni mí, tí màá fi pàṣẹ fún àkọ́bí?

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàtà rọ́bà yẹn"
   Mi ò lè parí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lara?"
   Mo mọ èsì kí n tó kọ ọ́ tán.

Ìyàwó mi kà wọ́n láti ẹ̀yìn èjìká mi. Ó ń jẹ búrẹ́dì ọ̀fẹ́.

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fún yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tiyín ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí i?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀.

"Wọ́n ń pa ara wọn lọ lójú ọ̀nà nítorí pé wọ́n rò pé àgbọ̀nrín ló ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé alákàn ni."


2
?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. A dúpẹ́. Ìkíni nìyẹn, mo ti kí yín tán.

Òótọ́ rèé. Orúnkún mi ọ̀tún ti ń dùn mí láti ọdún tó kọjá. Lọ́jọ́ tí mo ní mò ń múra, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó burú dé ibi tí mi ò lè dìde lórí àga. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn fi òdo dé mẹ́wàá wọn ìrora rẹ̀, mẹ́jọ ni mo wà lọ́jọ́ náà, mo sì ní kí ìyàwó mi sọ pé méjì. Ẹ mọ ilé tí a ti tọ́ mi.

Mo rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ó ní iṣan ìdí ló rẹ̀yìn lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí. A ń kọ́ ọ, ó ń gbọ́. Láàárọ̀ yìí méjì ni, méjì tòótọ́. Mo ti ń sáré láti òpó iná kan dé èkejì. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín kó fọwọ́ kàn yín. Ẹ má dúró dè mí kí ẹ tó lọ.

Mò ń bọ̀ lẹ́yìn òjò. A ó lọ sí ìdí tánkì. A ó rìn díẹ̀, a ó sáré díẹ̀, a ó tún rìn. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀yin lẹ ó wà níwájú. Èmi ni màá wà lẹ́yìn, kí n lè máa gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Bí a bá débẹ̀, ẹ má so okùn bàtà kankan. Ẹ kàn jókòó. Èmi náà á jókòó.

Láti òdo dé mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n mi: tiyín ńkọ́?"